Ta Ni Ó Bí Ọmọlúàbí?

Kò sí ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń yangàn tó ọmọlúàbí. Òun ni a máa ń dárúkọ fún àlejò bí ó bá bi wá pé orí kí ni ẹ̀kọ́ ilé wa dúró lé. Oníwàásù ń mẹ́nu bà á, olóṣèlú ń kọ ọ́ sára pátákó, bàbá sì ń fi í ṣe ìkìlọ̀ fún ọmọ tí ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sí yunifásítì. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ènìyàn mẹ́ta tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kí wọ́n fi àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ hàn wá, ó ṣeé ṣe kí a gba èsì mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onígírámà nìkan. Ẹni tí ó bá sọ pé bíbí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ohun kan nípa ọmọ tí kò mọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé kíkọ́ ni, ohun mìíràn ni ó sọ. Mo fẹ́ gbé e yẹ̀ wò bóyá ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lè bá wa dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ àwọn àlàyé náà. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé ọmọ tí Olú-ìwà bí ni ọmọlúàbí. Àwọn kan ní Ẹlẹ́dàá ni Olú-ìwà, ẹni tí ó ni wíwà ohun gbogbo. Àwọn mìíràn ní ọ̀gá nínú ìwà ni, ẹni tí ìwà rẹ̀ ta ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Àlàyé kejì, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn, ni pé odidi gbólóhùn kan ni ó súnkì: ọmọ tí ó ní ìwà bí ẹni tí a kọ́, tí ó sì gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀kẹta sì ni ti àwọn tí ó máa ń wá orírun Yorùbá lọ sí ìlà-oòrùn ayé. Àwọn wọ̀nyí ní Núà tí ó kan ọkọ̀ ni bàbá tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, pé ọmọ tí Núà bí ni.

N kò ní pẹ́ lórí ẹ̀kẹta yìí. Kò sí ìdí kankan nínú èdè wa tí n inú Núà yóò fi di l. Ìdílé kan náà ni òun àti ìtàn Lámurúdu tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ará Jámánì kan, Leo Frobenius, náà dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí Olókun tí a fi idẹ ṣe, ẹnu sì yà á. Kàkà kí ó gbà pé àwọn baba ńlá àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ni ó mọ ọ́n, ó ní àwọn ará Atlantis, erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni wọ́n ti rìn dé ibí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà pé ohun rere lè ṣẹ̀ níbi tí a ti bá a kò ní ṣàì máa wá bàbá fún un lókè òkun.

Àlàyé kejì wu ọkàn. Ó wu èmi náà, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni ó gbé lékè. Ṣùgbọ́n ẹnu Yorùbá kò gbà á. Ẹ wo bí 'oní' ṣe máa ń ṣe bí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, n kì í yẹ̀: onílé, oníṣu, oníwà. Ìgbà tí fáwẹ́lì mìíràn bá tẹ̀ lé e ni n máa ń di l: aláṣọ, ẹlẹ́ran, olówó, ọlọ́jà. Ọmọ kékeré tí ń kiri àkàrà kì í ṣi èyí ṣe, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ 'ní ìwà' ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ wa, 'ọmọníwàbí' ni à bá máa wí. Ibo ni l ti wá? Ohun kejì ni pé 'bí' tí a fi ń ṣe àfiwé kì í dá dúró ní ìparí ọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dání: bí omi, bí ẹyẹ, bí ẹni tí ó sùn. Bí ènìyàn bá sọ pé 'Ó dára bí', tí ó sì panu mọ́, ẹnu rẹ̀ ni a ó máa wò.

Ó ku àlàyé kìíní, òun sì ni àwọn àpẹẹrẹ tì lẹ́yìn jù. Olú àti Ìbàdàn ni ó di Olúbàdàn. Olú àti awo ni ó di Olúwo. Nínú méjèèjì, fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì ni a pa jẹ, tí ú sì dúró gbọnin. Ọ̀nà kan náà ni olú àti ìwà yóò gbà di Olúwà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé Olúwa tí a ń pè nínú àdúrà ni. Ohùn àárín ni ó wà lórí 'wa' ti Olúwa, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sì wà nínú ọmọlúàbí, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kì í fi ohùn ṣeré. Ní ti bí orúkọ kan ṣe lè jẹ́ olùwà fún 'bí', kí a rántí Ògúnbíyìí àti Fábíyìí: Ògún ni ó bí èyí, Ifá ni ó bí èyí. Ọmọ tí Olúwà bí kò ṣàjèjì láàárín wọn.

Ẹnìkan lè tako mi pé àwọn kan ń kọ ọmọlúwàbí, àwọn kan ń kọ ọmọlúàbí, pé w tí ó wà láàárín kò ju èyí tí ẹnu máa ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ti orí ú bọ́ sórí à. Òtítọ́ ni. A mọ̀ ní Ifẹ̀ pé ú lè dúró níwájú fáwẹ́lì mìíràn láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì jẹ: Olúorógbó, ọmọ Mọ̀rèmí, ni ẹ̀rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ 'àbí' ni ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, irú èyí tí ó wà nínú àbíkú, àbísọ àti àbígbẹ̀yìn, kí ìwà má sì sí níbẹ̀ rárá. N kò ní bá onítọ̀hún jà. Kí ó ṣáà kíyè sí i pé ojú kan náà ni ó já sí. Ọ̀nà méjèèjì tí èdè gbà láàyè, agboolé bíbí ni wọ́n gbé wa dé.

Níbí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, nínú àkójọpọ̀ àpilẹ̀kọ tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè àti Lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbé jáde, Wándé Abímbọ́lá kọ̀wé lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú Ifá, ó sì tọ́ka sí i pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe 'wà' ni a ti ṣẹ̀dá ìwà. Ohun tí ó wà ní ìwà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ wíwà láyé, tí ó tún ń jẹ́ ìhùwàsí. Èwo nínú méjèèjì ni ti Olú-ìwà? Bí a bá mú wíwà, Ẹlẹ́dàá ni Olú-ìwà, gbogbo ènìyàn pátá ni ó sì bí. Olè jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹni tí olè jà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ya ènìyàn rere sọ́tọ̀ kò wá ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Bí a bá mú ìhùwàsí, Olú-ìwà di ẹ̀dá ènìyàn kan tí ìwà rẹ̀ dára, ọmọ tirẹ̀ nìkan ni ó sì lè jẹ́ ọmọlúàbí. Àwọn tí ó kù ti pàdánù kí wọ́n tó ra. Kò sí èyí tí ó bá ọ̀nà tí à ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà mu nínú méjèèjì. A máa ń sọ pé lágbájá ṣe bí ọmọlúàbí nígbà tí ó dá owó tí ó he padà, láìmọ̀ bóyá àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tàbí ìgárá.

Ifá tilẹ̀ ní ìtàn tí kò bá ti bíbí lọ. Nínú àpilẹ̀kọ kan náà, Abímbọ́lá sọ ti Ìwà tí ó jẹ́ obìnrin, tí Ọ̀rúnmìlà fẹ́ níyàwó, tí kò lè fara da àwọn àléébù rẹ̀, tí ó lé e, tí ó sì tún ń wá a kiri. Ẹni tí ó bí Ìwà kọ́ ni ìtàn náà dá lé lórí bí kò ṣe ẹni tí ó lè bá a gbé.

Ṣé ó wá yẹ kí ìtàn ìbí ọ̀rọ̀ máa pàṣẹ fún wa ni? Àwọn tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wa kì í pẹ́ dárúkọ ìwòye ayé Yorùbá. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń rántí pé ọ̀rọ̀ Jámánì kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú sí èdè tiwọn tí wọ́n fi rí èyí tí à ń lò: Weltanschauung, tí Immanuel Kant lò nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1790. Jámánì kì í gé ọ̀rọ̀ kúrú bí ó bá ń kàn án pọ̀, ó máa ń so wọ́n mọ́ra bí ọkọ̀ ojú irin ni. Welt ni ayé, Anschauung ni wíwò tí a wo nǹkan, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lè já a sí méjì. Àwa ni a máa ń jẹ egungun tí a fi ń wá ohun tí a jẹ kiri lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n Jámánì náà jẹ egungun tirẹ̀. Welt tí ó dà bí ẹyọ kan ṣoṣo yìí, ọ̀rọ̀ méjì ni láyé àtijọ́. Weralt ni wọ́n ń pè é: wer ni ọkùnrin, alt ni ìgbà tàbí ọjọ́ orí. Ìgbà ayé ọmọ ènìyàn ni Welt kí ó tó di ilẹ̀ àti òkun tí a tẹ́ pẹrẹsẹ yìí. Gẹ̀ẹ́sì náà jogún ọ̀rọ̀ kan náà láti ọ̀dọ̀ àwọn babańlá kan náà. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́, pé ayé tiwa gba ọ̀nà tí ó jọ ọ́. Bí a bá ní 'ní ayé Aláàfin Abíọ́dún', ìgbà ni à ń wí. Bí a bá ní 'ó rin ayé já', ilẹ̀ ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ti orí Welt kọ́ wa.

Kí ẹnìkan wá dìde ní Berlin lónìí, kí ó sọ pé kò sí obìnrin nínú Welt, nítorí pé ọkùnrin ni wer ń jẹ́. Wọn yóò fi í rẹ́rìn-ín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò purọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ṣì ṣe ni pé ó mú ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, ó fi ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Mo rò pé àṣìṣe kan náà ni ti ẹni tí ó bá di 'bí' inú ọmọlúàbí mú tí ó ní ìdílé ni ó ń sọ. Etí wa kò gbọ́ ìwà nínú ọmọlúàbí mọ́. Bí a bá ń gbọ́ ọ ni, a kò ní máa sọ pé 'ìwà ọmọlúàbí', nítorí pé a ti pe ìwà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Ọjọ́ gbogbo ni à ń sọ ọ́, kò sì sí àgbà tí ó dá wa lẹ́kun.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó sàn, àwọn méjì tí wọ́n kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ifẹ̀ níhìn-ín sì ti rìn ín rí. Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. O. Ṣódípọ̀ gbé jáde ní 1986, mọ̀ àti gbàgbọ́ ni wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọn kò jókòó sídìí ìtúpalẹ̀ gbà àti gbọ́ kí wọ́n sì sọ pé ó tán. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn, wọ́n bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn mọ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn gbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ọmọlúàbí léèrè lọ́nà bẹ́ẹ̀: ìgbà wo ni ó máa ń jáde lẹ́nu wa?

Ẹ wo ọmọ tí ó jí lówùúrọ̀, tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá bàbá rẹ̀. Kò ì tíì dìde tí ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Ó ń pe orílẹ̀ rẹ̀, ó ń pe àwọn tí ó ti kú. Kí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ìkúnlẹ̀ ni. Ìwà ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí ìbí fi wọlé. Bí ọmọ náà bá kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, orílẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é. Ohun tí wọn yóò bi í ni pé, 'Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn?' Wọn kò ní bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Èdè wa sì ti pèsè orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: àbíìkọ́, ẹni tí a bí tí a kò kọ́. Ìkejì rẹ̀ ni àkọ́ìgbà, ẹni tí a kọ́ tí kò gbà. Gbogbo egungun àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ó hàn ketekete. Ẹni tí ó dá àbíìkọ́ sílẹ̀ ti mọ̀ pé bíbí kò tó.

Ọ̀rọ̀ èébú náà ń jẹ́rìí sí i. A ní ọwọ́ òsì ni ọmọ àlè fi ń júwe ilé bàbá rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà wò ó, ọwọ́ tí ó nà ni ó tú u fó. Ẹni tí ó bá ta ìlú rẹ̀ fún ọ̀tá, ọmọ àlè ni a ń pè é, bí gbogbo ìlú tilẹ̀ jẹun ìkómọjáde rẹ̀, tí wọ́n sì mọ bàbá rẹ̀ délé. Láti ara ìwà ni a ti ń padà lọ dá ìbí lẹ́jọ́. Ọmọlúàbí ń rin ọ̀nà kan náà, ojú rere ni ó kàn kọ sí. Bí a bá rí ohun tí ènìyàn ṣe, a ní ẹni rere ni ó bí i. Ìbí tí a ń sọ níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn tí a fún àwọn òbí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti ṣe tirẹ̀ tán, yálà wọ́n wà láyé láti gbà á tàbí wọn kò sí.

Bóyá ìdí nìyí tí ó fi ń ṣòro kí ènìyàn sọ fúnra rẹ̀ pé, 'Ọmọlúàbí ni mí.' Gírámà kò sọ pé kí ó má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ọ́, etí olùgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ àpò owó nìyẹn. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní àsìkò ìjọba Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tí ó sì parí ní 2018, Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí ni a sọ ibi tí à ń gbé. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò burú: a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ ó sọ gbogbo ẹni tí ó bá ti kọjá ààlà Ìkirè di ọmọlúàbí pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba. Ní oṣù kọkànlá 2022, gómìnà tuntun, Adémọ́lá Adélékè, pàṣẹ pé kí a padà sí orúkọ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ̀. Àwọn aládùúgbò mi kò yí padà ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ń san gbèsè ń san án, ẹni tí ń sá fún un ń sá.

N kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mo ti wẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ tán. Ibì kan wà tí ọmọlúàbí ti ń jẹ́ ìdílé ní tòótọ́, ibẹ̀ náà sì ni ìwádìí tí à ń ṣe kí a tó fọmọ fọ́kọ. Àwọn tí a rán kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ṣé wọn kì í ya wèrè níbẹ̀? Ṣé wọn kì í jalè? Ta ni ó bí bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, ibo ni wọ́n ti wá sí àdúgbò yìí? Bí wọ́n bá padà dé tí wọ́n ní, 'Ọmọlúàbí ni wọ́n,' odidi agboolé ni wọ́n ń wí. Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn wọ̀nyí ti ba ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó jẹ́, nítorí pé ó máa ń já sí bóyá ẹrú tàbí ìwọ̀fà ni babańlá wọn. Àwọn òbí kì í sọ ọ́ síta. Wọ́n á kàn ní ọkàn àwọn kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà kan náà mọ òwe tí ó ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó dá òwe yìí sílẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè olùwádìí: kò sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bí. Ogun ni ó gba orúkọ bàbá mọ́ ọn lọ́wọ́. Níhìn-ín ni àlàyé tí ó ní Ẹlẹ́dàá ni Olú-ìwà, tí mo sọ pé kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ti ń wúlò. Àìyanisọ́tọ̀ rẹ̀ gan-an ni ohun tí ọmọ ọmọ ẹrú nílò nígbà tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí.

Ní Ifẹ̀ níhìn-ín ní 1980, Akínṣọlá Akíwọwọ, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ, gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ka orí ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ méjì, àjọbí àti àjọgbé. Àwọn tí a jọ bí, àwọn tí a jọ ń gbé. Mo máa ń ronú kan ọ̀rọ̀ méjèèjì, nítorí ohun tí ojú ìlú yìí rí láti 1997 sí 2000, nígbà tí Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tún kọjú ìjà sí ara wọn. Àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé Ifẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tẹ Mọdákẹ́kẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú ìjà náà, n kò sì ní dá ẹjọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé 'ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí' àti 'àlejò', ọ̀rọ̀ méjì tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ láìronú, di ohun tí a fi ń pín àwọn tí ó jọ ń ná ọjà kan, tí wọ́n jọ ń fẹ́ra, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà. Ẹni tí ó ti bá ènìyàn gbé fún ìran mẹ́rin kò ì tíì jọ bí.

Bí ẹnìkan bá wà nínú ìlú méjèèjì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó fi aládùúgbò rẹ̀ pamọ́ sí yàrá, tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ó sọ fún àwọn tí ó mú ìbọn dání pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà yóò ní ọmọlúàbí ni. Kò ní kọ́kọ́ béèrè ìhà ibi tí wọ́n bí i sí, bí ó bá sì béèrè, kí ó lè mọ ilé tí yóò lọ dúpẹ́ ni.